Ilẹ̀ Pákó fún Ìyàwó Odò

Sátidé, 7 Oṣù Kẹsàn-án 1974

Wọ́n ń bọ̀! Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí rédíò kéde rẹ̀: Ẹgbẹ́ Oníjó Babalọlá yóò rìnrìn àjò wá sí apá ìlà-oòrùn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ogun ti parí. Mo fi àwo sílẹ̀, mo sáré wọ pálọ̀. Bàbá Dúró, ọkọ mi, gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ijó ló ń bọ̀.

"Àwọn báléè rẹ yẹn?" Ó tún padà sídìí ìwé ìròyìn. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé báléè ni wọ́n ń pe irú ijó orí ìtàgé yìí, tó sì bi mí pé baálẹ̀ ìlú wo ni mò ń tẹ̀ lé kiri bẹ́ẹ̀, kò lè pe ọ̀rọ̀ náà mọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo ti wo àwọn òyìnbó Rọ́ṣíà ní Èkó, tí wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró bí ẹyẹ lékeléke. Mo ti wo àwọn ará Gánà ní Ìbàdàn, òjò pa mí délé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí *Ìyàwó Odò* ti Ẹgbẹ́ Babalọlá, ijó ọmọbìnrin tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó wọ ọkọ̀ lọ sílé ọkọ lódìkejì odò, kò sì sí ẹni tó lè jó ìyàwó náà bí Olúwẹ̀mímọ́ Ọ̀ṣúndé. Mo ti rí Morónkẹ́ nínú rẹ̀ nígbà kan, kó tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ń fò dáadáa, ṣùgbọ́n fífò nìkan kọ́ ni. Bí Olúwẹ̀mímọ́ bá kàn yí ọrùn padà, wàá mọ̀ pé ilé bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni àwọn ìlú tí wọ́n dárúkọ. Benin, Warri, Enugu, Calabar. Kò sí Onitsha tiwa níbẹ̀. Wọn yóò gba orí afárá wa kọjá bí ẹni ń gba inú igbó.

Wẹ́sìdeè, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Iyọ̀ tún ti gbówó lórí. Ọ̀gá mi nílé ìwòsàn ti gbà fún mi: Benin, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Sọ́ńdè, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti dé láti Benin. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ọ̀nà ò dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n padà lọ lónìí, n ó lọ.

Kí n tó jókòó rárá ni mo ti lọ ka orúkọ àwọn oníjó lára ògiri. Ìyàwó: Olúwẹ̀mímọ́ Ọ̀ṣúndé. Atukọ̀: Àyúbà, ẹni tuntun, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ó mọ bí wọ́n ti ń gbé èèyàn. Ìyá: Màmá Péjú, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìgbà tó kan ibi tí ìyàwó ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi, tó fi ẹsẹ̀ kan dúró, tí ẹsẹ̀ kejì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, tó wá wo ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí ní èbúté, mo gbàgbé láti mí. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé ara mi le.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo wá Ọ̀gá Babalọlá lọ sí ẹ̀yìn ìtàgé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dúró bí òpó.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni Sẹ̀gilọlá Adéníjì, láti Onitsha ni mo ti wá. Kí ni Onitsha fi ṣẹ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Onitsha ò ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ ni kò ní."

"Ilẹ̀ kẹ̀?"

"Ilẹ̀ pákó. Mo ti rán èèyàn lọ wo ìlú yín. Gbogbo gbọ̀ngàn tí ogun ṣẹ́kù síbẹ̀, sìmẹ́ńtì ni. Mi ò lè mú ọmọ ọlọ́mọ máa fò lórí sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní iṣan àti eegun ni mò ń tọ́jú nílé ìwòsàn, pé àwọn tí ogun gé lẹ́sẹ̀ ni mò ń kọ́ ní ìrìn.

"Ẹ̀yin gan-an mọ ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Bí ẹ bá lè rí ilẹ̀ pákó fún mi kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá tó parí, a ó yà lọ́dọ̀ yín ká tó dé Enugu." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tan ọmọdé.

Olúwẹ̀mímọ́ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fi ìpara pa ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣeré. Ẹ wá pákó náà wá." 

Ó bá mi sọ̀rọ̀. Èmi!

Túsìdeè, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ìjọ ní Odoakpu. Òrùlé tuntun ti wà lórí rẹ̀, páànù ń dán. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Nwosu, fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà, ó ní pákó ló wà níbẹ̀ rí, iṣẹ́ àwọn fadá àtijọ́. Lásìkò ogun, wọ́n tú u láti fi dáná. "Madam, that floor don cook plenty soup," ló wí. Ó ní bí mo bá lè tẹ́ pákó síbẹ̀, òun ò ní gba kọ́bọ̀ lórí gbọ̀ngàn.

Fúráìdeè, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjà pákó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Kò sí. Wọ́n ti ń ta igi kó tó sọ̀ kalẹ̀ látorí lọ́rì. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Ìlú tí wọ́n dáná sun ti ń ga ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi sì ń dùn sí i, àfi pé mo nílò pákó.

Ọkùnrin kan bi mí: "Na house you wan build?"

Mo ní, "Na dance."

Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n wá gbọ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dénú mọ́tò ni mo sunkún.

Mọ́ńdè, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Dúró bi mí lánàá pé, "Ṣé o ti bá onílé wa sọ̀rọ̀?"

Mama Nwakaego tó ń gbé ìsàlẹ̀, igi ló ń tà, kò sì sí oníṣòwò igi tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sógun kò padà wálé. Láti ìgbà tí a ti dé ilé yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin nínú yàrá rẹ̀ rí. Mo ní, a kì í bẹ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kó bá wa wá ibi ijó.

Bàbá Dúró wọ sálúbàtà, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó máa padà, òun àti Mama ni wọ́n jọ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

"Nwunye anyị," ìyàwó wa, ni obìnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "you dey waka find plank for whole Onitsha, you no fit climb down come ask me?"

"Mama, biko, I think say because of your pikin..."

Ó wo ojú fèrèsé.

"My pikin like dance pass food," ló wí.

Yóò yá wa ní pákó. Yíyá ni o, kì í ṣe títà. Pákó náà ti ní olówó tó ń kọ́lé sí Awada, ẹni náà ò sì tíì ṣe tán láti kó o. Kò gbọdọ̀ sí ojú ìṣó kan lára rẹ̀. "One nail hole, me and you go quarrel."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó fà mí dìde.

Sátidé, 5 Oṣù Kẹwàá

Ọwọ́ mi ti bó. Gàfárù káfíńtà, ọmọ Ìwó tó ti ń gbé Odoakpu kí ogun tó dé, ló bá wa tẹ́ ilẹ̀ náà. Ó gba ààwẹ̀, síbẹ̀ kò fìgbà kan jókòó. Nítorí pé a ò gbọdọ̀ kan ìṣó, ó ṣe férémù yíká, ó to pákó sínú rẹ̀ kí wọ́n fún mọ́ra, ó sì ń ki igi wẹ́wẹ́ sí àárín wọn. Ó le dáadáa. Ó tilẹ̀ le jù. Nígbà tí mo fò lórí rẹ̀, bí ẹni fò sórí àpáta ni, orúnkún mi gbọ́ ọ.

A dúró, a ń wò ó. Bàbá Dúró wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi táyà sábẹ́ rẹ̀. Táyà àlòkù, ká gé e wẹ́wẹ́." 

Gàfárù wò ó, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà á."

Ọkọ mi, tí kì í gbé ife omi kúrò lórí tábìlì, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì báǹkì rẹ̀ kọ́ sára ìlẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé táyà pẹ̀lú ayùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a tún fò. Ọ̀gbẹ́ni Nwosu fò. Gàfárù fò. Bàbá Dúró, pẹ̀lú ikùn rẹ̀, fò, ilẹ̀ náà gbà á, ó sì dá a padà sókè jẹ́ẹ́. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Odò Ọya ti kún. Wọ́n ní omi ti wọlé àwọn èèyàn ní Okpoko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn mi ni kò rí ọ̀nà wá lọ́sẹ̀ yìí.

Wẹ́sìdeè, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ránṣẹ́ sí wọn ní Warri pé ilẹ̀ ti wà, bọ́ọ̀sì wọn sì dé ní ọ̀sán. Ọ̀gá Babalọlá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó kúnlẹ̀, ó fi ìkúùkù kan pákó ní ibi bíi mélòó kan, ó bọ́ bàtà, ó fò lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo tọ́ka sí Gàfárù àti Bàbá Dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Àgbàlagbà! Gàfárù sá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Ìyàwó: Olúwẹ̀mímọ́ Ọ̀ṣúndé. Mo fọwọ́ kan ìwé náà.

Ṣùgbọ́n mo ti rí i nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, orí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún, bí àwọn aláìsàn mi tí orúnkún ń dùn. Ó wù mí kí ojú mi máà rí i.

Tọ́sìdeè, 10 Oṣù Kẹwàá

Olúwẹ̀mímọ́ wá bá mi nílé ìwòsàn láàárọ̀, òun nìkan. Mo ní kó jókòó sórí ibùsùn. Orúnkún ọ̀tún ti wú, ó gbóná. Ní Warri, wọ́n sọ fún wọn pé pákó ni, àṣé kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì ni. Ó fò, ó sì balẹ̀ bí ẹni ju òkúta.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìdáhùn á yí padà.

"Àǹtí, ẹ bá mi dì í. Sátidé yìí nìkan. Ẹ ti ṣe ilẹ̀ fún mi, kí n wá máà jó o?"

Mo mọ bí wọ́n ti ń dì í. Bí mo bá dì í le, yóò gbé e títí ijó fi máa parí. Kò sí ẹni tó fẹ́ rí i lórí ilẹ̀ yẹn jù mí lọ.

"Bí o bá jó o ní Sátidé," ni mo wí, "o lè máà jó mọ́ láéláé."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó doríkodò, ó sunkún. Ọ̀gbẹ́ni Anyaegbu, aláìsàn mi tó gba ẹsẹ̀ onígi láti oṣù kẹjọ tí kò tíì jẹ́ fi irin ìdìmú tí a fi ń kọ́ ìrìn sílẹ̀ rí, wà níbẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri kó má bàa wò ó. Ó ti rí ẹlòmíràn tó sunkún lórí ibùsùn yẹn, òun náà sì ti sun ún níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Olúwẹ̀mímọ́ nu ojú. "Àmínátù tó ń kọ́ ọ lẹ́yìn mi ló kù," ló wí. "Kò tíì jó o níwájú èèyàn rí."

Fúráìdeè, 11 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá Babalọlá kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Wọ́n ti yí ìwé ara ògiri padà. Ìyàwó: Àmínátù. Ọmọ Ìlọrin ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ewúro, òun náà ń gba ààwẹ̀. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ láti lọ wò wọ́n. Olúwẹ̀mímọ́ jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ tí mo dì sórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń jó ijó náà fún ọmọ yẹn wò. Ìka méjì ni ẹsẹ̀ ìyàwó, àtẹ́lẹwọ́ kejì ni ọkọ̀ ojú omi. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ọwọ́ jó gbogbo rẹ̀ tán.

Àmínátù dúró láàárín, ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè ṣe é bíi tiyín. Wọn ò ní gbà mí."

"Ta ló ní kó o ṣe é bíi tèmi? Ẹsẹ̀ tèmi ń dùn mí. Ìwọ, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Jó o bí ẹni tí ẹsẹ̀ ò dùn nígbà náà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́ ni Màmá Péjú dìde lórí àpótí rẹ̀, tó ní, "Ọ̀gá, ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbi yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn mi sinmi lọ́la." Ó wo Olúwẹ̀mímọ́. "Ìyá kì í fò. Jíjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá Babalọlá mú bírò, ó lọ síbi ògiri fúnra rẹ̀. Ìyá: Olúwẹ̀mímọ́ Ọ̀ṣúndé.

Sọ́ńdè, 13 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lè kọ nǹkan kan lánàá.

NẸ́PÀ ò mú iná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé èmi fúnra mi ò gbà á gbọ́. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò láti Ọjà Ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn nọ́ọ̀sì wa, àwọn télọ̀ ọmọ Ọ̀fà, àtàwọn ọkùnrin ọjà pákó tó fi mí rẹ́rìn-ín. Mama Nwakaego wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó jókòó sí ìlà tiwa.

Àmínátù yàtọ̀ pátápátá. Ìyàwó ti Olúwẹ̀mímọ́ mọ̀ pé òun ò ní padà mọ́. Ti ọmọ yìí kò mọ̀. Ó ń wo iwájú, odò náà ń wù ú, ìgbà tí ọkọ̀ ṣí kúrò létí omi ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ga tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lórí pákó wa láìgbọ̀n. Mo ti rò pé mo mọ ijó yìí tán. Mi ò mọ ìdajì rẹ̀.

Olúwẹ̀mímọ́ sì jókòó sórí àpótí. Kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ó kàn ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè lórí itan, bí ẹni tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ yẹn.

Mama Nwakaego dìde dúró. Kò pariwo, kò sunkún. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ijó fi parí, kò sì sẹ́ni kan lẹ́yìn rẹ̀ tó sọ fún un pé kó jókòó.

Nígbà tí à ń darí sílé, Mama ní Ikenna ni orúkọ ọmọ òun tí kò padà wálé. Ó ní orí pákó tí wọ́n bá kó sẹ́yìn lọ́rì ló máa ń jó lé, láti ọjà títí dé ilé, òun á sì máa bú u pé yóò ṣubú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọ̀gá Babalọlá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lówùúrọ̀ yìí kí bọ́ọ̀sì wọn tó gbéra lọ sí Enugu. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ́. Ó fi Olúwẹ̀mímọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí n máa tọ́jú orúnkún rẹ̀.

Mọ́ńdè, 14 Oṣù Kẹwàá

Mama kó pákó rẹ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú ìṣó.

Tọ́sìdeè, 17 Oṣù Kẹwàá

Ìtúnu ààwẹ̀. Gàfárù gbé ẹran wá fún wa, ó wọ agbádá funfun. Olúwẹ̀mímọ́ ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Anyaegbu jọ ń lo irin ìdìmú, òun lápá kan, ọkùnrin náà lápá kejì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Túsìdeè, 22 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n tẹ Bàbá Dúró láago ní báǹkì láti Enugu. Àmínátù tún jó ìyàwó, wọ́n ní èrò ò jẹ́ kó kúrò lórí ìtàgé. Olúwẹ̀mímọ́ ń gé ilá nígbà tí Bàbá Dúró sọ ọ́ fún wa. Ó ń gé e lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ó rántí láti wo ẹ̀yìn?" Bàbá Dúró ní òun ò béèrè. "Ẹ bá mi béèrè," ló wí.

Fúráìdeè, 25 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Anyaegbu bi Olúwẹ̀mímọ́ pé, "Madam, that time wey you dey jump, you no dey fear say you go fall?"

"I dey fall every day," ni Olúwẹ̀mímọ́ dá a lóhùn. "Fall na part of the work. Dem no teach you?"

Ọkùnrin náà wò mí. Èmi náà wo ara mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, dídúró ni mò ń kọ́ wọn.

Olúwẹ̀mímọ́ ní kí n tẹ́ mátíréèsì sílẹ̀, méjì, kí wọ́n fara kanra. Ó dúró sétí wọn, ó fi ara rọ̀ sí apá tí kò dùn ún, ó rọ ìbàdí, ó yí èjìká, ó wà nílẹ̀. Kò ju bí aṣọ ṣe ń bọ́ látorí okùn lọ. "No stretch hand," ló wí. "Hand go break. Make your body soft. Follow am go down."

Ó pẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Anyaegbu tó jáwọ́ lára irin. Ó wo mátíréèsì bí ẹni tó ń wo odò. Ó wá jáwọ́, ó sì ṣubú.

Kò mira. Mo sáré, Olúwẹ̀mímọ́ di aṣọ iṣẹ́ mi mú lẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ohùn kan jáde láti ilẹ̀. Ẹ̀rín ni. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì dojú bo mátíréèsì. Ó yí padà, ó fi orúnkún rere ti ara rẹ̀ sókè, ó fa ẹsẹ̀ onígi rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, òun nìkan. Ó tún ṣubú. Ó tún dìde. Nígbà kẹta kò padà sídìí irin mọ́. Ó kọjá lára ibùsùn, ó kọjá lára tábìlì mi, ó rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde síta nínú oòrùn, kò di nǹkan kan mú.

Olúwẹ̀mímọ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn tó lè dìde nínú yàrá náà dìde fún un. Àwọn tí kò lè dìde gbé ọwọ́ sókè.